Omi Ọṣẹ Nínú Búréèkì Mọ́tò Oko

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi mí bóyá iṣẹ́ mẹ́káníìkì dáa láti kọ́, ẹ jókòó. Mi ò ní í tàn yín. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi ṣe é. Ìka ọwọ́ mi méjì kò ṣeé ká mọ́, etí mi ọ̀tún kò sì gbọ́ràn dáadáa. Síbẹ̀, tí wọ́n bá tún mi bí lọ́la, ìdí ẹ́ńjìnnì náà ni màá tún lọ jókòó sí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mi kì í sọ nígbà tí wọ́n bá ń yìn mí ní Òsí níbí pé ọwọ́ mi mọ́ṣẹ́. Òun gan-an ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà rò pé ẹni tí kò mọ nǹkan kan ló ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa ló ṣe é.

Jóṣúà lorúkọ mi. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Bàbá mi gbin iṣu, bàbá tó bí i náà gbin iṣu, èmi ni mo yà bàrá. Alùpùpù olùkọ́ ilé ìwé wa ló kó sí mi lórí. Tó bá ti ń bọ̀ láti Ararọ̀mí-Ọ̀pin, èmi á ti gbọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́, màá sì mọ̀ bóyá púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ti dọ̀tí. Bàbá mi ní tí orí mi bá ti dàrú tó báyìí, kí òun kúkú mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó mú mi lọ sí Òmù-Àrán, ó fà mí lé Ọ̀gá Bẹ́ń lọ́wọ́, ó padà sóko rẹ̀.

Ọ̀gá Bẹ́ń yìí, ọkùnrin kúkúrú ni, kì í pariwo, kì í sì í na ènìyàn. Ìbá tilẹ̀ nà wá kó parí síbẹ̀! Odindi oṣù mẹ́fà ni mo fi ń fi kẹrosíìnì fọ irin, mi ò fọwọ́ kan sípánà. Tí ọ̀sán bá pọ́n, á kó nọ́ọ̀tì oríṣiríṣi sínú agbada tí ọ́ìlì dúdú kún inú rẹ̀. Á ní kí n yí ojú sí ògiri, kí n ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. "Mẹ́wàá!" Màá wá nọ́ọ̀tì tí sípánà mẹ́wàá ń tú. "Mẹ́rìnlá!" Màá wá ti mẹ́rìnlá. Tí mo bá mú èyí tí kì í ṣe òun jáde, á ní kí n dá gbogbo rẹ̀ padà, kí a tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀bà tí ìyàwó rẹ̀ gbé kalẹ̀ fún mi á ti le gbagidi kí n tó jẹ ẹ́. Mo máa ń sunkún nígbà yẹn, mi ò ní í purọ́. Mo sì máa ń ṣépè fún un nínú mi. Lónìí, nígbà tí ojú mi ti ń ṣú, ìka mi ṣì mọ ìwọ̀n nọ́ọ̀tì gbogbo, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ gbọ́ èyí náà. Ní ọdún kejì mi, mo tún táyà ẹ̀yìn alùpùpù bàbá kan dè, mo sì gbàgbé pín-ìn-nì tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì rẹ̀ tú. Bàbá náà ti gùn ún lọ kí Ọ̀gá tó rí pín-ìn-nì náà lórí àpótí. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fi pín-ìn-nì sí mi lọ́wọ́, ó nawọ́ sí ọ̀nà. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn ín. Mo kúrò ní Òmù-Àrán láàárọ̀, oòrùn ti kanrí kí n tó bá bàbá náà ní abúlé rẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, tí ẹsẹ̀ mi ti wú, Ọ̀gá kò kí mi kú ìrìn. Ó ní, "Ṣé o sọ fún un pé ìwọ lo gbàgbé ẹ̀?"

"Mo sọ fún wọn, sà."

"Kí ló wí?"

"Wọ́n bú mi. Wọ́n bú bàbá mi mọ́ ọn."

"Ó dáa. Lọ jẹun."

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni mo ti kọ́ omi ọṣẹ. Lọ́rì kan tó ru gbágùúdá bàjẹ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù wa lọ́jọ́ kan. Rọ́bà tí ọ́ìlì búréèkì rẹ̀ ń gbà kọjá ti jẹ, gbogbo ọ́ìlì búréèkì ti dà sọ́nà, kò sì sí ẹni tó ń ta ọ́ìlì náà ní tòsí. Ọ̀gá pààrọ̀ rọ́bà náà, ó ní kí n po ọṣẹ ìfọṣọ mọ́ omi, ó fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, ó bù ú síbi tí ọ́ìlì búréèkì ń wà. Búréèkì náà le gan-an! Ẹnu yà mí. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá kò jẹ́ kí awakọ̀ náà lọ. Ó ní kó já gbágùúdá rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, kó fi mọ́tò òfìfo rọra lọ sílé, kí ẹni tó bá tún un ṣe níbẹ̀ tú omi náà dànù lọ́jọ́ náà gan-an. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Omi ni. Tí búréèkì bá gbóná, omi á hó. Tó bá ti hó, ẹsẹ̀ ẹ á kàn wọlẹ̀ gbuurugbu ni, kò ní í di nǹkan kan mú. Má fi ẹrù lé e. Má fi sọ̀kalẹ̀ òkè. Kí o sì sọ fún ẹni tó ń wà á." Ohun mẹ́ta ló sọ yẹn. Mo há a sórí.

Nígbà tí mo gba fírídọ́ọ̀mù, mo padà sí Òsí, mo kan ṣẹ́ẹ̀dì sábẹ́ igi máńgòrò. Alùpùpù ni mo fi bẹ̀rẹ̀, àwọn tí ẹ́ńjìnnì wọn rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè tú palẹ̀ kí n tún un tò kí ìyàwó mi tó sebẹ̀ tán. Ọ̀kadà wá pọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó ẹrù dé, tí àwọn ènìyàn ń fi iṣu di títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi tẹ̀. Mo kọ́ ọ. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni mọ́tò oko wá dé, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi mí ṣẹ̀sín.

Màmá Ìlọ́fà ló ni ín. Ìlọ́fà ni wọ́n ti bí wọn, Òsí ni wọ́n lọ́kọ sí, ọkọ sì ti kú. Oko wọn wà lẹ́yìn òkè, ọ̀nà ibẹ̀ kò ṣeé gbà fún mọ́tò lásán, orúnkún wọn kò sì gbé wọn dé ibẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ wọn ní Èkó ra mọ́tò kékeré kan ránṣẹ́. Ìjókòó méjì ló ní, awakọ̀ àti ẹnì kejì á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Irin ló yí wọn ká lókè dípò òrùlé, pákó ẹrù wà lẹ́yìn, táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sanra, ó lè gun orí kùkùté. Gbogbo Òsí jáde wá wò ó. Sámúẹ́lì ni wọ́n mú pé kó máa wà á. Sámù yìí, ọ̀rẹ́ mi ni láti kékeré. Ó ti gun ọ̀kadà rí, ó sì ti mu ẹmu rí, ó mu ún gan-an. Ṣùgbọ́n ó ti fi sílẹ̀ tipẹ́, ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, ohùn rẹ̀ ló ń gbé orin dúró nísàlẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá sọ́dọ̀ mi, mo wá ṣéènì rẹ̀ títí, mi ò rí i. Mo wá jíà, kò sí jíà bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ojú tì mí. Mo ní kí Sámù lọ gba afẹ́fẹ́ ná. Mo pe Fúnkẹ́ ọmọ mi obìnrin, mo ní kó bá mi wo orí fóònù rẹ̀. Òyìnbó onírùngbọ̀n kan ló ń tú irú mọ́tò náà, Fúnkẹ́ ń túmọ̀, èmi ń ké pé kó dá a padà sẹ́yìn. "Bàbá, ẹ̀ẹ̀mẹfà nìyí!" Mo ní, "Dá a padà." Bẹ́líìtì rọ́bà ló ń yí táyà rẹ̀, inú ilé tirẹ̀ ló wà. Báyìí ni mo ṣe kọ́ ọ nígbà tí irun mi ti funfun.

Ẹ kọ èyí sílẹ̀, ẹ̀yin tó fẹ́ fi irú rẹ̀ ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá gba inú odò kọjá, ẹ ṣí ilé bẹ́líìtì, ẹ jẹ́ kí omi inú rẹ̀ gbẹ, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ bẹ́líìtì á máa yọ̀, á sì jóná. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa gbọn eruku inú asẹ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Koríko gbígbẹ máa ń wọ́ jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sálẹ́ńsà, ẹ yọ ọ́ kúrò, nítorí ó ń gbiná. Eku fẹ́ràn wáyà rẹ̀. Tí ẹ bá gbé e sílé tí ẹ kò lò ó lọ́sẹ̀ méjì, eku ti bá yín lò ó.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Sátidé tó ṣáájú Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ni. Sámù gbé mọ́tò oko wá lọ́sàn-án, ó ní búréèkì ń rọ̀. Kùkùté ló fà á, ó ti ya rọ́bà búréèkì, ọ́ìlì rẹ̀ ti jò tán. Mo ní rọ́bà tó bá a mu, mo pààrọ̀ rẹ̀. Mo wá nawọ́ sí ìgò ọ́ìlì búréèkì. Òfìfo ni. Mo rán ènìyàn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, ó ti ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ síbi òkú ní ìlú ìyá rẹ̀. Èmi yìí kan náà ni mo sì ti fọ́nnu fún Màmá Ìlọ́fà lójú gbogbo ènìyàn pé kò sí ohun tí mọ́tò wọn lè fẹ́ tí wọn ò ní í bá lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì mi.

Bí mo ṣe ń rò ó, Màmá fúnra wọn dé, wọ́n di ọ̀pá mú. Wọ́n ní, "Jóṣúà, iṣu ìdúpẹ́ mi ṣì wà lóko o. Ṣé mọ́tò á gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la?"

Ẹnu mi yá. "Á gbé e, Màmá. Kí ló fẹ́ dí i lọ́wọ́?"

Wọ́n súre fún mi, wọ́n lọ. Mo wọlé, mo po omi ọṣẹ.

Mo dán an wò lórí ilẹ̀ títẹ́jú níwájú ṣẹ́ẹ̀dì. Ó le, ó dáa. Mo sọ fún ara mi pé ọjọ́ kan péré ni, ọjọ́ Ajé màá wá ọ́ìlì gidi. Nígbà tí Sámù dé, ó bi mí, "Ṣé ó ti dáa?" Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi, mo búra. Mo fẹ́ sọ pé kó má di ẹrù kún, kó gba ọ̀nà ìsàlẹ̀ tó jìn. Ṣùgbọ́n á bi mí pé kí ló dé, á sì dé etí Màmá pé Jóṣúà kò ní ọ́ìlì búréèkì. Ìgbéraga lásán ni, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ní, "Ó ti dáa."

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, a ti wọṣọ, a ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí mo gbọ́ igbe láti ìdí òkè. Sámù ti di iṣu kún mọ́tò dé etí. Ó ń sọ̀kalẹ̀, ó ń tẹ búréèkì díẹ̀díẹ̀ bí awakọ̀ gidi. Ní ìdajì òkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ìyá wà níwájú rẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n ru ìkórè lórí, wọ́n ń kọrin, wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Sámù yí sítíárì sínú kòtò. Mọ́tò dojú dé, iṣu fọ́n ká, irin orí rẹ̀ ni kò jẹ́ kó pa á. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì há sábẹ́ rẹ̀, egungun rẹ̀ dá sí méjì.

Wọ́n gbé Sámù lọ. Gbogbo ènìyàn tẹ̀lé e. Èmi dúró ti mọ́tò, wọ́n rò pé mo ń ṣọ́ ọ ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe. Mo ṣí ibi tí ọ́ìlì búréèkì ń wà, mo tú omi ọṣẹ náà dà sínú koríko, ó ń hó fùfù lórí ewé. Mo fi ẹsẹ̀ fa iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Lẹ́yìn náà ni mo sáré tẹ̀ lé wọn.

Kí ọjọ́ méjì tó pé, ìlú ti dájọ́. Wọ́n ní Sámù ti padà sídìí ẹmu. Wọ́n ní ẹni tó ti mu ún rí kò lè ṣe kó má mu ún. Ọmọ Màmá Ìlọ́fà tó wá láti Èkó nítorí Ìkórè wá bá mi. Ó dọ̀bálẹ̀, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ó ní, "Bàbá Fúnkẹ́, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ṣé búréèkì ló já ni, àbí Sámúẹ́lì ló ṣìṣe?"

Mo ní, "Mi ò rí nǹkan tó bàjẹ́ lára búréèkì."

Ó ní ó dáa, àwọn á wá awakọ̀ mìíràn. Ṣọ́ọ̀ṣì sì yọ orúkọ Sámù kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin títí tí wọ́n á fi yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Mo ń dá oúnjẹ padà sílé ìdáná. Ìyàwó mi bi mí títí, mo ní ibà ni.

Ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń to egungun ní Obbo-Ilé ni wọ́n gbé Sámù lọ. Ọjọ́ kẹjọ ni mo tó lè dé ibẹ̀. Ó wà lórí ẹní, wọ́n ti fi ọparun di ẹsẹ̀ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn pé mo wá, ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ dùn mí. Ó ní kí n sún mọ́ òun.

"Jóṣúà, mo ti rò ó títí. Ó dà bíi pé búréèkì ni mo tẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ náà sọ pé búréèkì dáa, o ò sì ní í purọ́ mọ́ mi. Tọ́túù tó ń mú mọ́tò sáré ni mo tẹ̀. Ó ní láti jẹ́ tọ́túù ni. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá àwọn ọmọlọ́mọ, Jóṣúà! Mo ti rán ìyàwó mi lọ bẹ Màmá. Gbogbo ìgbà ni mò ń bẹ Ọlọ́run."

Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀, mo ní, "Sámù, omi ọṣẹ ni. Omi ọṣẹ ni mo bù sí i. Búréèkì lo tẹ̀. O ò tẹ tọ́túù. Ìwọ lo gba àwọn obìnrin yẹn là, èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n."

Ó wò mí. Ó wá ní, "Jáde níbí."

Mo jáde. Mi ò gba ilé lọ. Ọ̀dọ̀ Màmá Ìlọ́fà ni mo gbà lọ tààrà, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, títí dórí èyí tí mo tú dà sínú koríko. Ọmọ wọn bínú dìde, ó ní àgọ́ ọlọ́pàá ló kàn. Màmá ní kó jókòó. Wọ́n ń sunkún. Wọ́n ní, "Jóṣúà, ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ síbi tí o dúró sí yẹn lánàá. Mo sì lé e jáde." Wọ́n ní kí n lọ sọ ọ́ níbi tí gbogbo ìlú ti lè gbọ́. Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìkéde, mo dìde láàárín ìjọ, mo sọ ọ́.

Iṣẹ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí lọ́dún náà. Àwọn ọlọ́kadà á kọjá níwájú ṣẹ́ẹ̀dì mi, wọ́n á kí mi, wọn ò ní í yà. Wọ́n ṣe ohun tó tọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n padà. Sámù náà sàn, ó ń tiro, ó padà sídìí mọ́tò oko àti sínú ẹgbẹ́ akọrin. Ó pẹ́ kó tó bá mi sọ̀rọ̀. Ìgbà tó yá, ó kí mi lójú ọ̀nà. Ìgbà tó tún yá, ó gbé mọ́tò wá fún mi tún ṣe, ó jókòó tì mí, ó ń wo gbogbo ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe. Mi ò sọ pé kó má wò ó.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ojú mi kò gbà mí mọ́, mo ta àwọn irinṣẹ́ mi, mo sinmi. Sámù wá kí mi. Ó mú iṣu tuntun wá láti oko, ìyàwó mi sun ún, a gbé e sáàárín pẹ̀lú epo àti iyọ̀. A sọ̀rọ̀ òjò, a sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Mi ò mọ ìgbà tí ó bọ́ lẹ́nu mi.

"Sámù, ṣé o ti dárí jì mí?"

Ó ń ha èèpo iṣu lọ́wọ́. Ó ha á tán, ó gbé e sínú àwo.

"Ẹsẹ̀ yìí, mo ti dárí ẹ̀ jì ẹ́, ó ti pẹ́. Ta ni kì í ṣàṣìṣe nídìí iṣẹ́? Ọjọ́ mẹ́jọ yẹn tí o fi jẹ́ kí n máa bẹ Ọlọ́run nítorí ohun tí mi ò ṣe, ìyẹn ni mi ò tíì lè dárí ẹ̀ jì ẹ́. Mò ń gbìyànjú ẹ̀."

Mo ní, "O ṣeun."

Ó ti àwo epo sọ́dọ̀ mi. Ó ní kí n jẹun, iṣu ń tutù.